Èsì: Rédíò màmá tí òkúta tu omi sínú rẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní òkúta (bátìrì) tu omi sínú rédíò màmá, ẹ sì fi tuntun sí i, kò ṣiṣẹ́. Ẹ má tíì sọ rédíò náà nù. Nǹkan funfun bí iyọ̀ tó bo irin inú rédíò tó ń kan ẹnu òkúta ni kò jẹ́ kí iná kọjá. Ìdí nìyẹn tí òkúta tuntun tí ẹ fi sí i kò fi gbé e.

Ẹ yọ òkúta, kí ẹ ka ara èyí tó tu omi. Bí wọ́n bá kọ "alkaline" sí i, ẹ fi òwú kan omi ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀, ẹ fi nu irin náà. Á hó díẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù. Bí ó bá jẹ́ òkúta olówó pọ́ọ́kú, ẹ fi ọsàn sílẹ̀, torí ásíìdì ni omi òkúta yẹn náà, bíi ti ọsàn. Aṣọ tó tutù díẹ̀ ti tó. Lẹ́yìn náà, ẹ fi sáńpépà ha irin náà títí á fi dán, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ mọ́jú.

Tèmi ní Àkúrẹ́ níbí, irin ọ̀hún ti jẹ tán, ó kán mọ́ mi lọ́wọ́. Atúnrédíòṣe kan l'Ọ́jà Ọba ní kí n lọ ra òmíràn! Wáyà ṣájà àtijọ́ ni mo fi lẹ́ẹ̀dì jó mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ bátìrì pẹlẹbẹ tí à ń ṣájì ló wú, ẹ má tú u rárá.