Ṣé dandan ni kí òṣìṣẹ́ àkáǹtì gba sátífíkéètì AI?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Èmi ni mò ń ṣírò owó oṣù ní iléeṣẹ́ kan n'Íbàdàn. Wọ́n ń polówó ẹ̀kọ́ "prompt engineering" (bí a ṣe ń pàṣẹ fún AI, ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tó ń dáhùn ìbéèrè, tó sì ń kọ̀wé) fún wa ní ₦120,000, wọ́n ní ẹni tí kò bá ní sátífíkéètì AI, iṣẹ́ máa bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ṣé kí n yáwó àjẹṣẹ́kù san án?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yáwó kankan. Léraléra ni ìbéèrè yìí ń dé, ó sì ń bí mi nínú, torí ìbẹ̀rù ni wọ́n ń tà fún yín. Kò sí àṣírí kankan nínú bí a ṣe ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ yìí. Látìgbà tí ChatGPT, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ AI náà, ti jáde lóṣù kọkànlá ọdún 2022, èdè ojoojúmọ́ la fi ń bá a sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kó bá yín kọ lẹ́tà, ẹ sọ ẹni tí lẹ́tà ń lọ bá, ohun tó fà á, àti bí ẹ ṣe fẹ́ kó gùn tó. Bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ní kó tún un kọ. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ náà jáde ló nílò Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, àti ìṣirò tó jinlẹ̀.

Àìyẹ iṣẹ́ ẹ̀rọ wò ló ń kó òṣìṣẹ́ sí wàhálà. Ọ̀rọ̀ ló ń tò tẹ̀lé ọ̀rọ̀, èyí tó bá ti jọ pé ó yẹ kó kàn. Bó bá parọ́, ojú kì í tì í. Lọ́dún 2023, adájọ́ kan ní New York bu owó ìtanràn $5,000 lé àwọn lọ́yà méjì àti iléeṣẹ́ wọn, torí pé wọ́n kó ẹjọ́ tí kò ṣẹlẹ̀ rí, tí ChatGPT hùmọ̀, lọ sí kóòtù.

Ẹ wá wo owó-orí tí ẹ̀yin ń ṣírò. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026, ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tí owó-orí kàn lọ́dún kò ní san kọ́bọ̀. Bí ẹ bá ní kí ẹ̀rọ ṣírò rẹ̀, ó ṣì lè máa yọ ₦200,000 àti ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó ọdún sọ́tọ̀ bí owó tí owó-orí kò kàn, bí òfin àtijọ́ ṣe wí. Tábìlì á tò rẹ́gí, àròpọ̀ á pé, owó òṣìṣẹ́ á sì tún ṣì. Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ yín lẹ máa rí i, kì í ṣe onísátífíkéètì.

Ẹ má da orúkọ òṣìṣẹ́, nọ́ńbà àkáǹtì tàbí BVN wọn sínú ẹ̀ o. Òfin ààbò dátà ti ọdún 2023 wà ní Nàìjíríà. Èmi kì í ṣe lọ́yà, ẹ bi ọ̀gá yín léèrè ohun tí iléeṣẹ́ fàyè gbà.

Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé iṣẹ́ yín ò ní yí padà. Bó bá wù yín láti mọ bí AI ṣe ń ṣiṣẹ́, Elements of AI tí Yunifásítì Helsinki ṣe wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n bí Excel bá ṣì ń dà yín láàmú, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbájú mọ́.