Fótónì mi lé díẹ̀: ṣé Higgs alápapọ̀ nìyẹn?

Ìbéèrè: Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo gba dátà tí ATLAS, ẹ̀rọ ìṣàwárí pátíkù kan ní CERN (ilé ìwádìí pátíkù ní Yúróòpù), gbé síta fáyé, mo sì ka iye ìgbà tí pátíkù tó ń jẹ́ bósónì Higgs fọ́ sí fótónì (pátíkù ìmọ́lẹ̀) méjì. Ohun tí mo rí jẹ́ ìlọ́po 1.2 iye tí Standard Model (àbá tí a fi ń ṣàlàyé àwọn pátíkù) ní kí n rí, àṣìṣe rẹ̀ sì jẹ́ 0.4. Ṣé mo lè sọ pé Higgs kì í ṣe ẹyọ kan, pé àwọn pátíkù kéékèèké ló so pọ̀ di í?

Ìdáhùn: Rárá o, ẹ má tíì sọ bẹ́ẹ̀. Àlékún yín jẹ́ 0.2, àṣìṣe yín jẹ́ 0.4: ìdajì àṣìṣe péré ni. Irú àlékún bẹ́ẹ̀ ti tan àwọn èèyàn jẹ rí: ìparí ọdún 2015, ATLAS àti CMS (ẹ̀rọ ìṣàwárí mìíràn ní CERN) rí òkìtì fótónì méjì-méjì ní nǹkan bí 750 GeV (GeV ni ẹyọ tí a fi ń wọn agbára àti ìwúwo pátíkù). Àwọn onímọ̀ ti kọ àìmọye ìwé lé e lórí kí dátà 2016 tó dé, tí òkìtì náà sì pòórá.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ohun tí àbá Higgs alápapọ̀ ń sọ gan-an. Ẹ rántí pátíkù tó ń jẹ́ páyọ́nì: kúákì kan (irú pátíkù kéékèèké tó wà nínú prótónì) àti òdì kúákì kan ló dì í, síbẹ̀ ó fúyẹ́ ju prótónì lọ dáadáa. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí Higgs, tó wọn 125 GeV, rí bẹ́ẹ̀. Ẹ pe ìwọ̀n agbára tí ìsopọ̀ náà ti ń ṣẹlẹ̀ ní f. Ẹ pín 246 GeV (iye tí pápá Higgs ní nínú òfìfo) fún f, ẹ fi èsì rẹ̀ lọ́po ara rẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 1, kí ẹ wá gbòǹgbò onílọ̀ọ́po méjì ohun tó kù. Bí f bá jẹ́ 1000 GeV, 0.97 lẹ máa rí. Ìyẹn ni pé bí Higgs ṣe ń dì mọ́ W àti Z (àwọn pátíkù tó ń gbé agbára aláìlera) á fi ìdá 3 nínú 100 dínkù, bákan náà fún àwọn méjèèjì. Ti kúákì kò dúró lójú kan: àwòṣe kan ní 0.97, òmíràn ní nǹkan bí 0.91.

Ibi tó ti ń dá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi láàmú nìyí. Nǹkan bí ìdá 58 nínú 100 Higgs ló ń fọ́ sí kúákì bottom, fótónì kò tó ìdá kan. Bí ìdìmọ́ bottom bá dínkù, ìpín àwọn yòókù á pọ̀ sí i, ti fótónì náà. Àlékún lè tinú àdínkù wá! Ẹ tún fi sí i pé ohun tí ẹ kà jẹ́ bí Higgs ṣe pọ̀ tó nígbà tí wọ́n ṣe é, ní ìlọ́po ìpín tó fọ́ sí fótónì. Nọ́ńbà kan ṣoṣo kò lè tú méjèèjì yẹn sílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ fi fótónì wé Higgs tó fọ́ sí Z méjì, kí iye tí wọ́n ṣe lè pa ara rẹ̀ rẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí HEPData (ibi tí wọ́n ń kó èsì ìwádìí pátíkù sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì), ẹ gba tábìlì gbogbo ọ̀nà ìfọ́ tí ATLAS àti CMS tẹ̀ jáde ní 2022, pẹ̀lú bí àṣìṣe wọn ṣe bára tan. Bí ẹ bá fo ti ìbátan yìí, f yín á ṣìnà. Ẹ wá nọ́ńbà méjì péré: ọ̀kan fún W àti Z, ọ̀kan fún kúákì àti lẹ́pútọ́nì (ẹ̀lẹ́kítírọ́nì àti àwọn ẹbí rẹ̀). Bí 1 àti 1, iye tí Standard Model sọ, bá ṣì wà láàárín àṣìṣe, ẹ kọ iye tó kéré jù tí f lè jẹ́. Èyí ṣeé tẹ̀ jáde.