Ẹ Jẹ́ Kí Òṣìṣẹ́ Ìlera Àdúgbò Wọ Ilé Ìyá Yín

Ẹ béèrè bóyá ó tọ́ kí òṣìṣẹ́ ilé ìlera alábọ́ọ́dé máa bá yín mójú tó ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà ìyá yín, nígbà tí ẹ̀yin wà ní Èkó, tí ilé ìwòsàn ńlá sì jìnnà sí wọn. Ẹ ní àwọn mọ̀lẹ́bí ń sọ pé abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé nìkan ni àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí mọ̀. Àìsàn méjèèjì yìí náà ló ń bá ìyá mi fínra láti ọjọ́ pípẹ́, ohun tí ojú mi sì ti rí ló jẹ́ kí n sọ pé kí ẹ gbà.

Èrò àwọn mọ̀lẹ́bí yín ní orísun. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, mínísítà ètò ìlera láti 1985 sí 1992, ń mú ìlera alábọ́ọ́dé dé àwọn ìjọba ìbílẹ̀, ọmọdé àti aláboyún ni iṣẹ́ náà dá lé lórí jù lọ, ibẹ̀ sì ni a ti mọ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò tí à ń pè ní CHEW (Community Health Extension Worker). Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn ti fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ báyìí.

Dókítà tí ìyá mi ń lọ rí kò yéé fi kún oògùn wọn, síbẹ̀ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn kò wá sílẹ̀. Arábìnrin CHEW tó ń yà sílé ni ó ní kí wọ́n kó gbogbo oògùn wọn jáde, tí ó sì ka èyí tó ṣẹ́ kù nínú páálí. Ìgbà yẹn ni a tó mọ̀ pé ọjọ́ tí orí bá ń fọ́ wọn nìkan ni wọ́n ń lò ó, nítorí pé lójú wọn, ara tí kò bá ro ènìyàn kò ní àìsàn. Ó tún rí diclofenac tí wọ́n ń rà ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì nítorí orúnkún. Oògùn ara ríro bẹ́ẹ̀ lè mú ìfúnpá ga sí i, kò sì sí ẹni tó sọ fún dókítà rí, nítorí pé kò sí ẹni tó mọ̀. Mo gbàgbọ́ pé ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú iṣẹ́ wọn nìyí: wọ́n ń rí ohun tí aláìsàn kì í gbé dé iwájú dókítà.

Ní ti ìtọ̀ ṣúgà, arábìnrin náà ló ṣàlàyé fún wa pé ẹni tó bá lo glibenclamide, ìyẹn oògùn ìtọ̀ ṣúgà, tí kò jẹun, ṣúgà ara rẹ̀ lè wálẹ̀ débi tí yóò fi máa gbọ̀n, tí yóò sì máa làágùn; nítorí náà, kí ìyá mi tó gbààwẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ rí dókítà. Ó kọ́ ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn láti máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn wò, nítorí pé àìsàn yìí lè pa ìmọ̀lára ẹsẹ̀, kí egbò sì jẹ jinlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí bí òṣìṣẹ́ tiyín ṣe ń wọn ìfúnpá. Ó yẹ kí ìyá yín ti jókòó sinmi fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ̀yìn wọn fara ti àga, kí apá wọn sì wà lórí nǹkan ní ìwọ̀n àyà. Iye tí wọ́n bá wọ̀n ní kété tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Bí ó bá ń dé 140/90 léraléra, kí dókítà gbọ́. Bí ó bá dé 180/120, tí àyà ń dùn wọ́n tàbí tí èémí kò já geere, tàbí bí ẹnu bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan tàbí tí apá bá rọ, iye ìfúnpá yòówù kó jẹ́, ilé ìwòsàn ńlá ló kàn lójú ẹsẹ̀. Kò sí nínú iṣẹ́ CHEW láti yí oògùn tí dókítà kọ pa dà fúnra rẹ̀. Èyí tó mọ iṣẹ́ yóò sọ bẹ́ẹ̀ fún yín.

Ohun tó máa ń dùn mí ni pé ìjọba ìbílẹ̀ lè gbé wọn lọ sí ibòmíràn láìròtẹ́lẹ̀, kí ẹni tuntun sì bẹ̀rẹ̀ láìmọ nǹkan kan. Nítorí náà, ẹ ra ìwé kan tí yóò máa wà lọ́dọ̀ ìyá yín, kí a máa kọ iye ìfúnpá, ṣúgà, oògùn àti ọjọ́ sí i, kí wọ́n sì máa gbé e lọ bá dókítà. Kí ẹ tó pa dà sí Èkó, ẹ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ náà ní nọ́ńbà fóònù yín àti ti ẹni kan tó ní ọkọ̀ ládùúgbò.