Ọmọ tó ní celiac ń lọ sí Ítálì: kí ni ká dì fún un?

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi obìnrin ní àìsàn celiac: gluten, èròjà kan tó wà nínú àlìkámà, báálì àti ráì, máa ń ba ìfun rẹ̀ jẹ́. Ó ń lọ lo oṣù mẹ́ta ní Bologna, lọ́dọ̀ ìdílé kan tí wọn kì í gbé ohun tó ní gluten wọlé rárá. Mo fẹ́ di ṣín-ṣín, ẹ̀lùbọ́ àti ẹ̀wà fún un kó gbé dání. Ṣé ó ṣì yẹ kẹ́rù máa bà mí?
Ìyá Ọmọ, Ìjọ̀kà, Àkúrẹ́

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Mọ́mì. Irú ilé yẹn dára ju òtẹ́ẹ̀lì lọ fún un. Níbi tí wọ́n ti ń jẹ búrẹ́dì, èérún rẹ̀ máa ń wà nínú ẹ̀rọ ayanbúrẹ́dì, nínú bọ́tà àti nínú ihò asẹ́. Bí inú kò tilẹ̀ run ún, ìfun lè máa bàjẹ́ lọ.

Àmọ́ ní irú ilé bẹ́ẹ̀, àlejò gan-an ló lè gbé àlìkámà wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ṣín-ṣín kúrò: fúláwà àlìkámà ni. Ẹ yọ ẹ̀wà náà, torí ilẹ̀ Yúróòpù ti fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà láti ọdún 2015. Wọn kì í gba ẹran àti wàrà lọ́wọ́ arìnrìn-àjò láti ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú.

Iṣu ni ẹ̀lùbọ́, kò ní gluten. Ọlọ ni ìṣòro. Bí ọlọ tó ń lọ ẹ̀lùbọ́ bá ń lọ àlìkámà, ìyókù inú rẹ̀ á bọ́ sínú tiyín. Gaàrí ló fọkàn balẹ̀ jù, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń yan án ni kẹ́ ẹ ti rà á. Ní ìsọ̀, kóńgò tí wọ́n fi wọn fúláwà ni wọ́n lè fi wọn gaàrí. Ìpékeré náà dára, bẹ́ ẹ bá fi òróró tuntun dín in nílé. Òróró tó ti din pọ́fù-pọ́fù kò ṣeé lò.

Ẹ sọ fún ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú, ó kéré tán ní wákàtí 48 ṣáájú, pé oúnjẹ GFML (oúnjẹ tí kò ní gluten) ló ń jẹ. Wọ́n ṣì lè gbé búrẹ́dì sórí tíréè náà; kó dá a padà.

Ní Ítálì, frumento ni àlìkámà, orzo ni ọkà báálì, segale ni ráì. Gbogbo wọn ló léwu, títí kan farro àti couscous, tí wọ́n jẹ́ àlìkámà. Kó má gba “senza frumento” (kò ní àlìkámà) gbọ́, torí báálì ṣì lè wà níbẹ̀. “Senza glutine” (kò ní gluten) ni kó wá: ìyẹn kò gbọdọ̀ ní ju mílígíráàmù 20 gluten lọ nínú kílò kan. Kó má jẹ òótù náà, àfi tí páálí rẹ̀ bá kọ “senza glutine”.

Tí wọ́n bá jáde lọ jẹun, kó fi “Sono celiaca” (mo ní celiac) hàn wọ́n lórí fóònù, kó sì béèrè bóyá omi tuntun ni wọ́n fi se pásítà tirẹ̀. Omi tí wọ́n ti fi se pásítà àlìkámà ti gba gluten.