Ímeèlì Ẹ̀bùn Kérésìmesì fún Ìsọ̀ Aṣọ: Ohun Tí Ojú Mi Rí

Ẹ kú iṣẹ́ o, arábìnrin wa tí ó ń ta aṣọ ní Abẹ́òkúta. Ẹ ní ẹ ní àdírẹ́sì ímeèlì àwọn oníbàárà bí 400 lọ́wọ́, ẹ sì fẹ́ mọ irú àwọ̀ àti irú àwòrán tí ẹ lè fi ṣe ímeèlì tí yóò mú kí wọ́n ra ẹ̀bùn Kérésìmesì lọ́wọ́ yín. N ó dáhùn, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ìsọ̀ tèmi ní Ìbàdàn ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, nítorí pé kì í ṣe àwọ̀ ni ó kó bá mi.

Láti oṣù Kẹwàá ọdún náà ni mo ti kó 300 aṣọ ọmọdé wálé, pupa àti àwọ̀ ewé, irú èyí tí ẹnikẹ́ni kì í bojú wò mọ́ bí Kérésìmesì bá ti kọjá. Orúkọ oníbàárà tí mo ní kò ju 600 lọ, ọwọ́ ara wọn ni gbogbo wọn sì fi kọ àdírẹ́sì wọn sínú ìwé tí ó wà lórí káńtà mi. Ọ̀gbẹ́ni kan tí ó ń pe ara rẹ̀ ní amòye ìpolówó wá bá mi, ó ní 600 kéré jù, ó ní òun ní àdírẹ́sì 10,000 ènìyàn ní Ìbàdàn àti Èkó, òun yóò dà wọ́n pọ̀ mọ́ tèmi, òun yóò sì fi ìpolówó ránṣẹ́ sí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Mo sanwó. N kò béèrè ibi tí ó ti rí orúkọ àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn, ó sì ń dùn mí títí di òní pé n kò béèrè.

Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá, ni ó fi wọ́n ránṣẹ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé tó mọ́ dáadáa, ilé-iṣẹ́ tí a gba ọ̀dọ̀ wọn fi ímeèlì náà ránṣẹ́ ti ti àkáǹtì mi pa, kò sì ṣeé ṣe fún mi mọ́ láti kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí àwọn 600 tí wọ́n mọ̀ mí gan-an. Ìgbà mẹ́fà ni mo kọ̀wé bẹ ilé-iṣẹ́ náà, ìdáhùn kan náà ni wọ́n sì ń fún mi, pé àwọn ń yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá ni wọ́n ṣí i. Ta ni ó ń ra ẹ̀bùn Kérésìmesì ní ọjọ́ 27? Oṣù Kejì ọdún tó tẹ̀ lé e ni mo ta èyí tí ó pọ̀ jù nínú aṣọ náà ní iye tí mo rà wọ́n, n kò rí èrè kọ́bọ̀ kan lórí wọn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí ó fà á, torí pé amòye náà kò ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, èmi fúnra mi ni mo jókòó kọ́ ọ. Láti oṣù Kejì ọdún 2024 ni Google àti Yahoo ti fi òfin lélẹ̀ fún ẹni tí ó bá ń fi ímeèlì púpọ̀ ránṣẹ́. Google ní ẹni tí ó bá ń fi tó 5,000 ránṣẹ́ sí àwọn oní-Gmail lójúmọ́ gbọ́dọ̀ ní àmì ẹ̀rí mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní SPF, DKIM àti DMARC, tí ó ń fi hàn pé òun gan-an ni ó fi ímeèlì ránṣẹ́, lórí dómẹ́ènì rẹ̀ (orúkọ tí ó máa ń wà lẹ́yìn àmì @ nínú àdírẹ́sì ímeèlì), ìpolówó náà sì gbọ́dọ̀ ní ibi tí ènìyàn lè tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti fi yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Bí ènìyàn mẹ́ta nínú 1,000 bá tẹ̀ ẹ́ pé spam, ìyẹn ìpolówó tí wọn kò béèrè, ni ímeèlì yín, ẹ ti wọ ewu. Àwọn 10,000 tí kò mọ̀ mí rí ń kọ́? Ohun tí wọ́n tẹ̀ gan-an nìyẹn, mi ò sì lè bínú sí wọn, nítorí àlejò ni mo jẹ́ tí ó já wọ ilé wọn lálẹ́ láìkan ilẹ̀kùn. Èyí tí ó tún burú ni pé àdírẹ́sì Gmail tí mo fi ń bá ẹbí sọ̀rọ̀ ni amòye náà lò gẹ́gẹ́ bí olùfiránṣẹ́, bẹ́ẹ̀ Google kò fẹ́ kí ilé-iṣẹ́ mìíràn máa fi orúkọ gmail.com ránṣẹ́.

Ohun kejì ni mo fi ojú ara mi rí. Oníbàárà mi kan, ìyá àgbà tí ó jẹ́ olùkọ́ ní Bódìjà, gbé fóònù rẹ̀ wá sí ìsọ̀ ní ọjọ́ Ajé, ó ní, “Ọmọ mi, kí ni o fi ránṣẹ́ sí mi yìí?” Àpótí eérú kan tí ó ṣófo ni mo rí, níbi tí ó yẹ kí àwòrán wà. Amòye náà ti kọ gbogbo ọ̀rọ̀, iye owó, àdírẹ́sì ìsọ̀ àti nọ́ńbà fóònù sórí àwòrán kan ṣoṣo, déètà màmá kò sì gbé àwòrán náà. Nígbà tí mo fà á lọ sísàlẹ̀, mo rí i pé Gmail ti gé ìyókù kúrò, nítorí Gmail máa ń gé ímeèlì tí kóòdù rẹ̀, ìyẹn èdè kọ̀ǹpútà tí a fi kọ ọ́, bá ti ju 102KB lọ. Ìsàlẹ̀ tí wọ́n gé yẹn gan-an ni ibi tí ènìyàn ti lè yọ orúkọ rẹ̀ kúrò wà. Ẹni tí kò bá rí ọ̀nà tí yóò gbà jáde, spam ni yóò tẹ̀.

Nígbà tí mo lọ bá amòye náà, nọ́ńbà àwọn tí wọ́n ṣí ímeèlì náà ni ó fi ń hàn mí. Ẹ má gba nọ́ńbà yẹn gbọ́. Láti ọdún 2021 ni ohun èlò ímeèlì Apple ti ń gbé àwòrán inú lẹ́tà wálé fúnra rẹ̀, yóò sì dà bí ẹni pé ènìyàn ti ṣí i, bí ẹni náà tilẹ̀ ń sùn. Ẹ ka àwọn tí wọ́n tẹ líǹkì, àwọn tí wọ́n pè, àti àwọn tí wọ́n sanwó. Ẹ sì rántí pé òfin ààbò déètà Nàìjíríà ti ọdún 2023 fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti ní òun kò fẹ́ ìpolówó. Bí ó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ó di dandan kí ẹ dáwọ́ dúró. Nítorí náà, ẹ di 400 yín mú. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ ta orúkọ kún un fún yín, ẹ má dá a lóhùn.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n padà sí ohun tí ẹ béèrè. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, èmi fúnra mi ni mo kọ ímeèlì náà, àwọn 600 nìkan ni mo kọ ọ́ sí, láti orí dómẹ́ènì tí mo rà fún ìsọ̀ mi. Ohun tí mo fi sọ́kàn ni pé ẹni tí ó ń ra ẹ̀bùn kọ́ ni yóò wọ aṣọ náà. Ẹ̀rù sáìsì ń bà á, ẹ̀rù pé kò ní tètè dé ń bà á, ẹ̀rù pé ẹni tí ó fẹ́ fún lè má fẹ́ràn rẹ̀ tún ń bà á. Tẹ́lẹ̀, ohun tí amòye náà kọ sí àkọlé ni ẹ̀dínwó ńlá, ẹ̀dínwó ńlá. Èmi kọ ọ́ báyìí: “Fìlà fún Bàbá, yóò dé kí Kérésì tó dé.” Ẹ fi ohun tí ó ṣe pàtàkì síwájú, nítorí ojú fóònù kì í gba àkọlé gígùn, kí ẹ sì fi orúkọ ìsọ̀ tí àwọn ènìyàn mọ̀ ṣe orúkọ olùfiránṣẹ́.

Nínú ímeèlì náà, n kò to ọjà gẹ́gẹ́ bí irú aṣọ, bí kò ṣe gẹ́gẹ́ bí ẹni tí a fẹ́ fún: fún bàbá, fún ìyàwó, fún ọmọ ọdún 6. Lábẹ́ fìlà, mo kọ ọ́ pé kí ẹni tí kò mọ̀ bóyá 22 ni tàbí 23 fi okùn wọn fìlà àtijọ́ bàbá rẹ̀ yíká, kí ó sì ya fọ́tò okùn náà lórí rúlà ránṣẹ́ sí mi. Mo kọ ọ́ gbangba pé ẹ lè pààrọ̀ sáìsì títí di ọjọ́ 10 oṣù Kìíní. Oníbàárà mi kan tí ń gbé ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù ra ìró àti bùbá fún ìyá rẹ̀ ní Mọ́kọ́lá nítorí gbólóhùn ìpààrọ̀ yẹn nìkan. Ó sọ ọ́ fún mi lórí fóònù pé ọdún mẹ́ta nìyẹn tí òun ti ń fi owó ránṣẹ́, nítorí pé òun kò mọ bí màmá ṣe sanra tó mọ́. Irú oníbàárà bẹ́ẹ̀, ẹ wá ọ̀nà tí yóò fi lè fi káàdì òkè òkun sanwó.

Ní ti iye owó, ẹ má fi iye owó kan tí ẹ kò tà á rí síbẹ̀ kí ẹ wá fa ìlà lé e lórí. Òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 lòdì sí i, àwọn oníbàárà yín náà sì ń rántí iye tí wọ́n rà á lóṣù tó kọjá.

Àwọ̀ tí ẹ béèrè: ọ̀rọ̀ dúdú lórí funfun, àwọ̀ ìsọ̀ yín kan ṣoṣo fún bọ́tìnnì tí wọn yóò tẹ̀, ó tán. Àwòrán: ẹ ya aṣọ náà lọ́rùn ènìyàn, lójú ọ̀sán, lẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀, kí ẹ dín àwòrán náà kù kí ó má jẹ déètà, kí ẹ sì kọ iye owó àti ọ̀rọ̀ gbogbo sí ìta àwòrán. Ẹ fi ránṣẹ́ sí fóònù ara yín àti ti ẹnìkan tí fóònù rẹ̀ ti pẹ́, kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ̀wé. Mo kọ àkọ́kọ́ ní àárín oṣù Kọkànlá fún ẹni tí ó bá fẹ́ kí a rán aṣọ, torí bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, télọ̀ kò ní gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mọ́. Mo kọ ìkejì ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá, mo sì fi ọjọ́ tí a óò gbé wéébìlì ìkẹyìn fún àwọn awakọ̀ sí òkè pátápátá, ṣáájú àwòrán kankan. Kí n tó kọ ìkẹta, mo kọ́kọ́ yọ orúkọ gbogbo àwọn tí wọ́n ti rà kúrò, mo sì yọ ti àwọn tí kò gbé ní Ìbàdàn, nítorí wéébìlì ti kọjá lórí wọn. Àwọn tí wọ́n lè fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn wá ni mo kọ ọ́ sí, ohun tí mo sì kọ ni àkókò tí n ó ṣí ìsọ̀ ní ọjọ́ 24 àti àkókò tí n ó tì í.