Ẹ Bi Nọ́ọ̀sì: Ọyẹ́ ti dé, Kẹ́hìndé ò rí èémí mí dáadáa

ÌBÉÈRÈ: Nọ́ọ̀sì wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún méje làwọn ìbejì mi, Táyé ò ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n tí ọyẹ́ bá ti dé báyìí Kẹ́hìndé á máa sín ṣáá, ojú á máa yún un, tó bá di òru àyà ẹ̀ á máa dún fíì fíì bíi fèrè. Ìyá ọkọ mi ní òtútù ni, kẹ́mísìtì ń fún wa ní àǹtíbáyọ́tíìkì, àwọn kan tún ní òdòdó kaṣú ẹ̀yìnkùlé wa ló ń fà á, pé ká gé e. (Ìyá Ìbejì, Kàbà)

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gé kaṣú yẹn, oyin àti kòkòrò ló sábà máa ń gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó ẹ̀ kiri, ti koríko ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́ káàkiri. Eruku ọyẹ́ ní tiẹ̀, láti Sàhárà ló ti ń bọ̀, pàápàá Bodélé lọ́hùn-ún ní Chad, àwa náà tún wá ń sun igbó, èéfín wá pàdé eruku nínú imú ọmọ.

Àlẹ́jì ló jọ lójú mi. Ara Kẹ́hìndé ka nǹkan tí Táyé ń fà símú láìsí wàhálà sí ọ̀tá, ló bá ń tú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní histamine jáde, òun ló ń fa sísín àti yíyún yẹn, àǹtíbáyọ́tíìkì ò sì lè ṣe nǹkan kan sí i.

Ẹ wo inú ilé náà o. Kòkòrò kan wà nínú fóòmù tójú ò lè rí, èépá ara wa ló ń jẹ, ìgbẹ́ ẹ̀ ló ń di eruku. Tẹ́ ẹ bá ń gbálẹ̀ láàárọ̀ tí oòrùn gba ojú fèrèsé wọlé, ẹ máa rí eruku náà tó ń fò. Ẹ wọ́n omi sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbálẹ̀, ẹ máa fi omi gbígbóná fọ bẹ́díṣíìtì lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbọ̀n ọ́n dáadáa kẹ́ ẹ tó ká a wọlé.

Fíì fíì òru yẹn ló ń já mi láyà jù. Ásímà lè ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ní lọ́dún 2019, ásímà pa èèyàn 455,000, àwọn orílẹ̀-èdè tí owó ò pọ̀ lọ́wọ́ wọn ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ gbé e lọ sọ́sibítù kí dókítà gbọ́ àyà ẹ̀. Tí wọ́n bá fún un ní ínhélà, ìyẹn oògùn tí wọ́n ń fi ẹnu fà sínú, ẹ jẹ́ kó lò ó bí wọ́n ṣe sọ, irọ́ ni pé ó ń di bárakú. Tẹ́ ẹ bá wá rí i pé ìhà ẹ̀ ń wọlé tó bá ń mí, tí kò lè sọ̀rọ̀ parí, tàbí tí ètè ẹ̀ ń dúdú, ẹ má dúró dilẹ̀ mọ́, ẹ wá mọ́tò tàbí ọ̀kadà lóru ọjọ́ náà.