Mo ní pámíìtì, kí ló dé tí mi ò rí ibi páàkì?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Kent nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń gbé, mo sanwó pámíìtì àdúgbò, síbẹ̀ tí mo bá ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé, ọkọ̀ ẹlòmíì ló máa wà níwájú ilé mi. Mo wá páàkì sórí ìlà yẹ́lò méjì lọ́jọ́ kan, wọ́n lẹ tíkẹ́ẹ̀tì mọ́ gíláàsì mi. Ṣé kí n san án ni? Ìyá Tólú

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, iṣẹ́ alẹ́ kì í ṣe eré. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bá aládùúgbò jà, torí títì ìjọba ni, pámíìtì kàn jẹ́ kẹ́ ẹ lè páàkì níbi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àdúgbò yín ni, kò fi ibì kankan pamọ́ dè yín. Àmọ́ tó bá jẹ́ ibi tí wọ́n ti rẹ etí títì sílẹ̀ kí mọ́tò lè wọ ilé yín lẹnì kan dí pa, ẹ pe káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ yín.

Ní ti tíkẹ́ẹ̀tì yẹn, pámíìtì ò ṣiṣẹ́ lórí ìlà yẹ́lò méjì rárá, torí àmì pé kéèyàn má páàkì síbẹ̀ ni. Tẹ́ ẹ bá tètè san án láàárín ọjọ́ 14, ìdajì lẹ máa san. Àfi tẹ́ ẹ bá ní ẹ̀rí gidi, bíi pé ìlà yẹn ti pa rẹ́ débi pé èèyàn ò lè rí i, ẹ ya fọ́tò ẹ̀, ẹ kọ̀wé sí káńsù láàárín ọjọ́ 14 yẹn náà, ẹ má sì tíì sanwó o, torí tẹ́ ẹ bá ti san án, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Tí wọ́n bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ lè gbé e dé Traffic Penalty Tribunal, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó dá dúró tó ń gbọ́ ẹjọ́ tíkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ṣáà má jókòó tì í, owó yẹn á máa gòkè ni, ó sì lè di ọ̀rọ̀ bélífì, àwọn tó máa ń wá gba gbèsè nílé ẹni.